Ẹ Bi Ẹni Tó Kúnlẹ̀

Ní ìlú Ìdí-Àfọ̀n, bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, tí àwọn ènìyàn sì ti ń na ìka sí ẹnìkan, ẹ ó gbọ́ tí àgbàlagbà kan yóò rọra sọ pé, "Kí ẹ tó lé ọ̀tá, ẹ bi ẹni tó kúnlẹ̀." Gbogbo ẹnu yóò sì dákẹ́. Àlejò nìkan ni kì í mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Á máa wò yíká, á máa wá ẹni tó kúnlẹ̀, kò sì ní rí ẹnìkankan. Ta ló kúnlẹ̀? Kí ló kúnlẹ̀ fún? Kí ló pa ìkúnlẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀tá? Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ọ̀mọ̀wé kan tó ń ṣàlàyé fún wa pé àdúrà ni òwe náà ń sọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe àdúrà o, katakata ni, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń túlẹ̀ lóko.

Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́. Kò gùn, ṣùgbọ́n n kò ní sáré sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ nípa oorun ni, ẹni tó bá ń sáré nínú oorun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bùsàrí. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó wa katakata ní Ìdí-Àfọ̀n. Katakata pupa ni, àlòkù ni nígbà tó rà á, ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ròkè. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Bí ó bá ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́, ohùn náà á kọ́kọ́ dé, á gba orí igi kọjá, á wọ inú ilé, á sì pẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó yọ sójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ tó ń sunkún a máa dákẹ́ láti tẹ́tí sí i.

Katakata yìí ní àbùkù kan. Rédíétọ̀ rẹ̀, ìyẹn ibi tí omi tó ń mú ẹ̀rọ tutù ń gbé, ń jò díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Bùsàrí ní láti bu omi kún un kó tó lọ oko. Á wá pe ìyàwó rẹ̀, Sàlámọ̀tù.

"Sàlámọ̀, bu omi wá o! Ẹran mi fẹ́ mumi."

Sàlámọ̀tù á gbé igbá omi wá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ìyá tó bí i ti kọ́ ọ pé bí a bá ń gbé omi fún ọkọ ẹni, orí ìkúnlẹ̀ la ti ń gbé e, ilẹ̀ la sì ń wò. Ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ló máa ń kúnlẹ̀ sí, táyà tó ga ju orí rẹ̀ lọ. Bùsàrí á tẹ̀ síwájú, á gba igbá, á gun ẹ̀rọ, á bu omi sí i. Ohun tí Sàlámọ̀tù ń rí kò ju ìlẹ̀pa àti ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn omi náà lókè orí rẹ̀, gulu-gulu-gulu, bí ìgbà tí ẹni tí òùngbẹ gbẹ bá ń mumi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó fi gbé omi yẹn, kò sì fojú rí ibi tí omi ń wọ̀ rí.

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Mo mọ ọkùnrin kan tó ti jẹ ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ fún ogójì ọdún, tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, Bùsàrí ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́rin, ó kú. Wọ́n ti katakata sábẹ́ àtíbàbà onípáànù lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi àfọ̀n, ó sì sùn síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló sùn. Alángbá fi ìjókòó rẹ̀ ṣe ilé. Àwọn agbọ́n tó máa ń fi amọ̀ kọ́lé dí ihò èéfín rẹ̀ pa. Lásìkò ọyẹ́, eruku funfun á bò ó bí aṣọ, kùrukùru òwúrọ̀ á sì yí i ká débi pé ẹni tó bá ń kọjá lọ kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni tàbí ẹranko ńlá kan tó dùbúlẹ̀. Lásìkò òjò, páànù á máa kọrin lórí rẹ̀, á sì máa sùn lọ.

Sàlámọ̀tù ní tirẹ̀ ń lálàá. Àlá kan náà ni nígbà gbogbo. Á gbọ́ ohùn katakata láti ọ̀nà jíjìn, ohùn náà á máa sún mọ́lé, kò sì ní dé. Kò rí Bùsàrí nínú àlá náà rí, ohùn yẹn nìkan ló ń gbọ́, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ó bá jí, inú rẹ̀ á dùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa. Lọ́dọọdún, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ikú Bùsàrí bá pé ọdún, á fọ igbá, á pọn omi tútù, á lọ sábẹ́ àtíbàbà lóun nìkan, á sì kí ẹ̀rọ náà.

"Ẹran Bùsàrí, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Omi rẹ rèé."

Á gun àpótí, á fún un ní igbá kan, á wálẹ̀. Ohùn tí omi ń dún kò rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Ó kàn ń dún gbì-gbì nísàlẹ̀ ni, bí omi tó bọ́ sínú kànga. Sàlámọ̀tù ronú pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ó ń fi pamọ́, ẹnìkan kò bi í ni.

Bùsàrí ní àbúrò kan nínú ilé náà, Láṣebìkan. Ó kàwé díẹ̀, nítorí náà Akọ̀wé ni Sàlámọ̀tù ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nínú ilé ọkọ. Kí Bùsàrí tó kú, òun àti Láṣebìkan ti jà lórí katakata yìí. Láṣebìkan fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á, Bùsàrí sì ní ọwọ́ rẹ̀ le jù, pé á ṣẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà di kí-n-má-kí-ọ. Ikú dé kí wọ́n tó parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ẹbí jókòó, Láṣebìkan sọ pé kí wọ́n ta ẹ̀rọ náà fún àwọn onírin àlòkù, kí ojú òun má bàa máa rí i. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ, wọn kò sì gbàgbé.

Ní ọdún keje, Baba Àgbà, olórí ẹbí, pe gbogbo wọn jọ.

"Ilẹ̀ wa tó wà lẹ́bàá odò ti di igbó," ni ó wí. "Bí katakata yìí bá jí kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, a ó fi túlẹ̀. Bí kò bá jí, àwọn onírin àlòkù á wá gbé e. Mo ti sọ tèmi."

Sàlámọ̀tù kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá fọ́ ẹ̀rọ yẹn wẹ́wẹ́, ibo ni ohùn á ti máa wá sínú àlá òun? Ó ránṣẹ́ sí Baba Jákọ́bù, mẹkáníìkì àgbà tó máa ń tún un ṣe láyé Bùsàrí.

Baba Jákọ́bù dé lórí kẹ̀kẹ́, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ ń dún léjìká. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan ní wákàtí àkọ́kọ́. Ó kàn ń rìn yí ẹ̀rọ náà ká nínú kùrukùru, ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá a lára. Àwọn ọ̀dọ́ ilé ní kí àwọn bá a fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀, kí wọ́n wọ́ ọ títí á fi jí.

"Ẹ má dán an wò," ni ó wí. "Ẹni tó bá sùn pẹ́, a kì í ta á jí. Gbogbo egungun rẹ̀ ló ti gan."

Ó yọ ilé agbọ́n kúrò nínú ihò èéfín. Ó ro ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì látòkè, ó ní kí gbogbo ènìyàn lọ sinmi, kí ọ́ìlì náà ráyè wọ ara. Ní ọjọ́ kejì, ó fi irin gígùn kan mú ẹ́ńjìnnì náà, ó rọra fọwọ́ yí i. Kò yí. Ó mí, ó tún rọra yí i. Ẹ́ńjìnnì náà yí bí ẹni tó yí apá padà lójú oorun, kò sì pariwo rárá. Sàlámọ̀tù fi ìdí gélè nu ojú rẹ̀.

Baba Jákọ́bù wá bọ́ sábẹ́ táǹkì láti yọ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ dànù. Ó tú bóòtù ìsàlẹ̀ rẹ̀, irin kékeré tó dí i pa, ó gbé igbá síbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe dísẹ́ẹ̀lì. Omi ni, omi tó mọ́ gaara. Ó kún igbá, wọ́n gbé òmíràn síbẹ̀, ó tún kún. Igbá kẹfà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kí dísẹ́ẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, nítorí ẹ mọ̀ pé epo ló máa ń lékè omi. Gbogbo ilé ti pé jọ síbẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń wo igbá mẹ́fà tí wọ́n tò sílẹ̀.

"Ṣé òjò ni, Baba?" ni Baba Àgbà bi í.

"Òjò kọ́. Ọmọrí táǹkì yìí le dan-in, ọwọ́ mi ni mo fi ṣí i. Ènìyàn ló bu omi sí i. Ká ní mo ti tan ẹ̀rọ yìí bẹ́ẹ̀ ni, ó tán, kò ní sí àtúnṣe mọ́."

Lẹ́yìn náà ni Sàlámọ̀tù figbe ta.

"Láṣebìkan!"

Orúkọ rẹ̀ gan-an ló pè, kò pe Akọ̀wé. Àwọn obìnrin ilé bo ẹnu wọn.

"Mo rí ọ," ni ó wí. "Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo fi ojú ara mi rí ọ. O gun ẹ̀rọ yìí, o ṣí ọmọrí kan lára rẹ̀, o tẹ orí ba ibẹ̀. Mo rò pé o kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. O ti pa á! Ẹ̀gbọ́n rẹ kú tán, o tún padà wá pa ohun tó kù fún mi!"

"Mo ṣí i," ni Láṣebìkan dáhùn. "N kò bu nǹkan kan sí i."

"Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀?" ni Baba Àgbà bi í.

Láṣebìkan wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Mo ní kí lò ń ṣe níbẹ̀!"

Kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀, ẹnu tí kò dáhùn nílé ẹjọ́, ó ti jẹ̀bi lójú ayé. Baba Àgbà dìde, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí i.

"Ẹni tó bá lè dá ọwọ́ ibi lé iṣẹ́ òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sí ohun tí kò lè ṣe fún alààyè. Kó ẹrù rẹ. Lọ́la, kí oòrùn tó kan àtàrí, n kò fẹ́ rí ọ nínú ilé yìí mọ́."

Ẹ rò ó wò. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó sì ti lé ní ogójì ọdún. Ibo ló fẹ́ lọ? Inú máa ń bí mi sí Baba Àgbà nígbàkúùgbà tí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà, mo sì mọ̀ pé bí mo bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí èmi náà ti bá wọn pariwo lé e.

Òwúrọ̀ kejì mọ́ pẹ̀lú kùrukùru tó nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gbogbo nǹkan rọra ń lọ bí ẹni pé abẹ́ omi ni ìlú náà wà. Láti inú yàrá kan, wọ́n ń gbọ́ bí Láṣebìkan ṣe ń di ẹrù rẹ̀. Lábẹ́ àtíbàbà, Baba Jákọ́bù ti fọ táǹkì, ó ti da dísẹ́ẹ̀lì tuntun sí i, ó ti pààrọ̀ asẹ́ tó ń sẹ́ ẹ. Ó wá tú àwọn bóòtù kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà epo, ó ń fọwọ́ fa epo wá díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Epo náà kọ́kọ́ ń hó jáde pẹ̀lú ìfófòó, nígbà tó yá, ìfófòó tán, ó ń dán ó ń ṣàn. Ó dè wọ́n padà.

"Ó ku omi," ni ó wí. "Rédíétọ̀ yìí gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀. Ìyàwó Bùsàrí, ẹ bá mi bu omi wá."

Sàlámọ̀tù gbé igbá omi wá. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, eékún rẹ̀ sì kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó na igbá sókè, ó wo ilẹ̀. Baba Jákọ́bù gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá gbọ́ ọ. Gulu-gulu-gulu.

Ohùn àtijọ́ ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ara rẹ̀ tutù, ó dà bí ẹni pé àlá náà ti wá bá a lójúmọmọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń gbé omi fún katakata yẹn, Sàlámọ̀tù gbójú sókè. Ó rí Baba Jákọ́bù tó na apá síwájú pátápátá, tó ń bu omi sí ẹnu kan tó wà ní iwájú ẹ̀rọ. Ẹnu tí òun ń bu omi sí, ẹ̀yìn ló wà, nítòsí ibi tí Bùsàrí máa ń jókòó sí, lókè ibi tí òun máa ń kúnlẹ̀ sí gan-an.

"Baba," ni ó wí. "Ibo lẹ bù ú sí yẹn?"

"Ẹnu omi rẹ̀ ni. Ibo ni à bá tún bu omi sí?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn yẹn ńkọ́?"

"Táǹkì epo nìyẹn."

Ó dá igbá padà fún un, omi díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀, ó sì tún tẹ orí ba inú ẹ̀rọ. Kò fura. Kò sẹ́ni tó fura. Sàlámọ̀tù wà lórí eékún rẹ̀, ó gbé igbá dání. Bí ó bá pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Katakata á jí, wọ́n á máa kí i pé ó kú ìfọkànsìn, ọ̀tá á sì ti lọ. Ó rí Láṣebìkan tó yọ láti inú ilé pẹ̀lú ẹrù lórí, tó ń rìn lọ sínú kùrukùru, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jọ ti Bùsàrí.

"Akọ̀wé!" ni ó ké. "Akọ̀wé, ẹ dúró!"

Ó sáré débẹ̀, ó fi eékún méjèèjì gúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

"Èmi ni. Ẹ dárí jì mí, èmi ni mo bu omi sí i. Igbá kan lọ́dún kan. Mo rò pé omi mímu ni mò ń fún un. N kò mọ ibi tó ń gbà mu ún, láyé ọkọ mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa ń wà, n kò wòkè rí."

Baba Àgbà ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "O ní kí ni?"

Ó tún un sọ, ó sọ ọ́ ketekete. Láṣebìkan sọ ẹrù kalẹ̀.

"Òórùn rẹ̀ ni mo lọ gbọ́," ni ó wí. "Dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń rùn. Àárò rẹ̀ sọ mí lọ́jọ́ náà, mo ṣí i, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo dé e padà. Ojú tì mí láti sọ ọ́ níwájú gbogbo yín." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó wo obìnrin tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Ìkúnlẹ̀ yìí náà ló kó wa dé ibi tí a dé. Ẹ dìde, ẹ wá wo ibi tí omi ń wọ̀."

Ó fà á lọ́wọ́ dìde, ó mú un dé iwájú katakata, ó gbé àpótí sílẹ̀ fún un. Sàlámọ̀tù dúró lórí àpótí, ó la ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì bu omi tó kù nínú igbá sí ẹnu tó tọ́, títí ó fi kún dé etí.

Baba Jákọ́bù ní kí Láṣebìkan jókòó sórí ẹ̀rọ, kó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún wúkọ́, ó pọ èéfín funfun, alángbá fò jáde lábẹ́ ìjókòó. Ní ìgbà kẹta, ó ké. Páànù gbọ̀n, ewé àfọ̀n ń já bọ́, ohùn náà sì jáde lọ sínú kùrukùru títí dé ìdí odò. Sàlámọ̀tù dúró síbẹ̀ ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n wò yíká, wọn kò rí Baba Àgbà. Ó ti sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin tó lé ní ọgọ́rin ọdún ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹrù Láṣebìkan rù fúnra rẹ̀, ó sì ń gbé e padà sínú yàrá. Àwọn èwe sáré láti gbà á lórí rẹ̀, kò gbà fún wọn.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ó wí lábẹ́ ẹrù náà. "Ọ̀tá ni mò ń lé láti àná, n kò bi ẹni tó ń kúnlẹ̀ gbé omi fún ẹ̀rọ léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó jẹ olórí ẹbí lẹ́yìn mi, ẹ gbọ́ o: kí ẹ tó lé ọ̀tá, ẹ bi ẹni tó kúnlẹ̀."